Ojú Títì Kì í Múra: Ẹ̀rí Tó Wà Nínú Fíìmù Ìrìnàjò Àwọn Ìdílé Amẹ́ríkà

Láti àárín àwọn ọdún 1920 títí di ìgbà tí fídíò gbòde ní àwọn ọdún 1980, ọ̀pọ̀ ìdílé ní Amẹ́ríkà ló máa ń gbé kámẹ́rà fíìmù kékeré sínú ọkọ̀ nígbà ìsinmi, tí wọ́n á sì wakọ̀ la ilẹ̀ wọn já, láti etí òkun kan dé èkejì. Àwọn ọmọ á juwọ́, ìyá á rẹ́rìn-ín, orí òkè á yọ lẹ́yìn wọn, fíìmù á sì tán. Ẹni tó bá rí irú fíìmù bẹ́ẹ̀ lónìí sábà máa ń kà á sí ìrántí agbolé lásán: ó dùn mọ́ ẹni tó mọ àwọn tó wà nínú rẹ̀, ó sì ń sú ẹni tí kò mọ̀ wọ́n. Èrò tèmi yàtọ̀. Mo gbà pé àwọn fíìmù wọ̀nyí kì í ṣe ẹlẹ́rìí tó ṣeé gbára lé nípa ìdílé, ṣùgbọ́n wọ́n jẹ́ ẹlẹ́rìí pàtàkì nípa títì. Ènìyàn mọ̀ pé kámẹ́rà ń wo òun, ó sì ń tún ojú ṣe. Ilé epo, pátákó ọ̀nà, afárá àti ọkọ̀ àjèjì tó ń kọjá kò mọ̀, wọn kò sì múra sílẹ̀. Ohun tí ẹni tó mú kámẹ́rà lọ́wọ́ kò kà sí ni ó bá wa tọ́jú dáadáa jù lọ.

Kí a tó gba ọ̀rọ̀ ẹlẹ́rìí gbọ́, ó yẹ kí a bi í bó ṣe dé ibẹ̀. Fíìmù sinimá ìgbà àkọ́kọ́ kì í ṣe ohun tí ènìyàn ń fi ọkàn balẹ̀ gbé sínú ilé, nítorí pé nitrate ni wọ́n fi ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀, iná kì í sì í pẹ́ ràn mọ́ ọn. Ọdún 1923 ni ilé-iṣẹ́ Kodak gbé fíìmù mìlímítà 16 jáde, tí wọ́n fi acetate tí kì í tètè gbiná ṣe, pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n pè ní Cine-Kodak. Fíìmù tó gba inú kámẹ́rà kọjá gan-an ni wọ́n á fọ̀, òun náà ni ìdílé á sì máa wò lára ògiri. Ìyẹn dín owó kù, ṣùgbọ́n ó tún fi hàn pé ẹyọ kan ṣoṣo ló wà láyé. Bó bá sọnù, ó ti lọ nìyẹn. Kámẹ́rà náà, ẹ̀rọ tó ń gbé àwòrán sára ògiri, ẹsẹ̀ mẹ́ta tí kámẹ́rà ń dúró lé àti aṣọ ìwòran jẹ́ dọ́là 335 lápapọ̀, nígbà tó jẹ́ pé ní ọdún 1925 ènìyàn lè ra ọkọ̀ Ford Model T tuntun ní iye tí kò tó 300 dọ́là. Àwọn olówó ló kọ́kọ́ rà á, àwọn náà ni Hiram Percy Maxim sì kó jọ ní ọdún 1926 láti dá ẹgbẹ́ Amateur Cinema League sílẹ̀.

Ọdún 1932, nígbà tí ọrọ̀ ajé Amẹ́ríkà wó lulẹ̀ tán, ni ìlẹ̀kùn ṣí fún àwọn yòókù. Kodak rí i pé bí fíìmù mìlímítà 16 bá gba inú kámẹ́rà lẹ́ẹ̀mejì, tí ẹ̀gbẹ́ kan gba àwòrán ní àlọ, tí èkejì gbà á ní àbọ̀, tí wọ́n sì là á sí méjì lẹ́yìn tí wọ́n bá fọ̀ ọ́ tán, ìwọ̀n fíìmù kan náà á gba ìlọ́po mẹ́rin àwòrán. Bí mìlímítà 8 ṣe dé nìyẹn, kámẹ́rà rẹ̀ àkọ́kọ́ sì jẹ́ dọ́là 29 àti sẹ́ǹtì 50. Ní ọdún 1935 àti 1936, àwọn olórin méjì, Leopold Mannes àti Leopold Godowsky kékeré, fi Kodachrome mú àwọ̀ wọ inú fíìmù mìlímítà 16 àti 8. Ní ọdún 1965, Super 8 dé nínú páálí kékeré tí wọ́n kàn ń kì bọ kámẹ́rà, tí kò sí ọ̀ràn pé à ń fi ọwọ́ so fíìmù mọ́ ẹ̀rọ mọ́. Ìgbésẹ̀ kọ̀ọ̀kan ń mú kámẹ́rà sún mọ́ ọwọ́ òṣìṣẹ́ lásán.

Títì náà ní ìtàn tirẹ̀, ìtàn méjèèjì sì rìn pọ̀. Ní ọdún 1903, oníṣègùn kan, Horatio Nelson Jackson, àti mẹkáníìkì rẹ̀, Sewall Crocker, ni wọ́n kọ́kọ́ wa ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ la Amẹ́ríkà já, láti San Francisco dé New York. Ọjọ́ 63 ni wọ́n lò. Ní ọdún 1919, àwọn ọmọ ogun ilẹ̀ náà kó ọ̀wọ́ ọkọ̀ jọ láti Washington lọ sí San Francisco. Pẹ̀lú gbogbo agbára ìjọba, ọjọ́ 62 ni àwọn náà lò, nítorí ẹrẹ̀ àti afárá tó ń já lábẹ́ ọkọ̀. Ọ̀dọ́ ọ̀gágun kan tó bá wọn lọ, Dwight Eisenhower, di ààrẹ níkẹyìn, òun ló sì buwọ́ lu òfin ọ̀nà ti Oṣù Kẹfà ọdún 1956, tó ṣètò bílíọ̀nù 25 dọ́là fún máìlì 41,000 òpópónà márosẹ̀. Láàárín 1919 àti 1956 ni ayé àwọn ọ̀nà bíi Route 66, tí wọ́n fi nọ́ńbà sọ lórúkọ ní ọdún 1926: nǹkan bí máìlì 2,400 láti Chicago dé agbègbè Los Angeles, ìyẹn ju ìlọ́po mẹ́ta ọ̀nà Èkó sí Kánò lọ. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kejì, ìsinmi tí agbanisíṣẹ́ ń san owó rẹ̀ di ohun tí ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń rí gbà, ọkọ̀ pọ̀ níta, epo sì wọ́pọ̀. Nítorí náà, àkókò tí fíìmù ìdílé fi jọba ni àkókò tí ọ̀nà ẹlẹ́rẹ̀ di ọ̀nà ọ̀dà, tí ọ̀nà ọ̀dà sì di márosẹ̀. Ojú kámẹ́rà ìdílé ló ṣe gbogbo rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí wọ́n ṣe ń ná fíìmù náà, nítorí ìnáwó ni ìwà ti ń hàn. Ẹyọ fíìmù mìlímítà 8 kan kì í ju nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́rin lọ. Ti Super 8 jẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́ta àti díẹ̀. Ìdílé tó lo ọ̀sẹ̀ méjì lójú ọ̀nà lè má ya ju ìṣẹ́jú ogún lọ. Ẹni tó mọ̀ pé owó ń lọ bí kámẹ́rà ṣe ń kùn kò ní fi ya ìjà àwọn ọmọ ní ìjókòó ẹ̀yìn, ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná, tàbí ìyá tó ń fọ aṣọ ní ilé ìsùn. Ohun tó wù ú kó rántí ni yóò yà: pátákó tó ń kíni káàbọ̀ sí ìpínlẹ̀ tuntun, omi gbígbóná Old Faithful tó ń tú sókè láti inú ilẹ̀ ní Yellowstone, àwọn ọmọ tí wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn ní etí ọ̀gbun Grand Canyon. Richard Chalfen, tó kọ ìwé lórí àwòrán ìdílé ní ọdún 1987, fi hàn pé ìwọ̀nba díẹ̀ nínú ìgbé ayé ni àwọn ènìyàn ń gbé síwájú kámẹ́rà. Patricia Zimmermann, nínú ìwé tirẹ̀ ti ọdún 1995, fi kún un pé àwọn ìwé ìròyìn àti ìwé ìtọ́ni ló ń kọ́ àwọn tó ń fi kámẹ́rà ṣeré wọ̀nyí bí wọ́n ṣe máa ya fíìmù bíi ti Hollywood, tí wọ́n sì ń sọ fún wọn pé ìdílé ni kókó tó bá wọn mu. Abájọ tí apá tó kan ìdílé nínú fíìmù ọgọ́rùn-ún ilé fi jọra wọn bí ìbejì. Ẹni tó bá fẹ́ fi wọ́n kọ ìtàn ayọ̀ inú ilé Amẹ́ríkà, ìtọ́ni Kodak ni yóò máa tún kọ.

Ṣùgbọ́n títì kò ka ìwé ìtọ́ni. Lẹ́yìn àwọn ọmọ tó ń juwọ́, ẹ̀rọ epo wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye owó tó wà lára rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Ọkùnrin tó wọ aṣọ iṣẹ́ ń nu gíláàsì ọkọ̀, iṣẹ́ tí ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́ níbẹ̀ báyìí. Láti ojú fèrèsé ọkọ̀, nígbà tí ilẹ̀ kò tíì mọ́ dáadáa tàbí tí nǹkan sú bàbá, a rí ojú pópó ìlú kékeré kan láti òpin kan dé èkejì: ilé ìfowópamọ́, ilé sinimá, ṣọ́ọ̀bù onígbàjámọ̀. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni rán oníṣẹ́ kámẹ́rà lọ síbẹ̀. Àwọn ará Hollywood sábà máa ń kọ́ títì tiwọn sínú ọgbà iṣẹ́ wọn. Àwọn oníròyìn sinimá ń lọ síbi tí jàǹbá tàbí ààrẹ bá wà. Nígbà tí márosẹ̀ sì dé, ó yí ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìlú wọ̀nyí ká láìwọ inú wọn. Williams ní ìpínlẹ̀ Arizona ni ìlú tí èyí ṣẹlẹ̀ sí gbẹ̀yìn lójú Route 66, ní Oṣù Kẹwàá ọdún 1984. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni wọ́n yọ orúkọ ọ̀nà náà kúrò nínú ìwé ìjọba. Ìdílé tó kọjá láàárín irú ìlú bẹ́ẹ̀ ní ọdún 1948, tó sì fi ìṣẹ́jú-àáyá mẹ́wàá yà á nítorí pé fíìmù ṣẹ́ kù, ti kọ ohun kan sílẹ̀ tí ìlú náà fúnra rẹ̀ lè má ní.

Nígbà mìíràn, ohun tí fíìmù jẹ́rìí sí ta ko ohun tó wà nínú ìwé òfin. Láti ọdún 1902 ni ọgbà Yellowstone ti ka fífi ọwọ́ bọ́ béárì léèwọ̀. Ẹni tó bá ka òfin náà nìkan á rò pé kò sí ẹni tó dán an wò. Ṣùgbọ́n nínú fíìmù ìdílé, béárì ń dúró létí ọ̀nà, àwọn ọkọ̀ ń tò, àwọn ènìyàn ń na búrẹ́dì jáde lójú fèrèsé, tí ọmọdé wà nítòsí. Kò sí ẹni tó ń fi í pamọ́, nítorí kò sí ẹni tó rò pé ó burú. Nǹkan bí ọdún 1970 ni àwọn alábòójútó ọgbà tó fi ọwọ́ líle mú òfin náà. Bí àárín ohun tí ìjọba kọ àti ohun tí ará ìlú ń ṣe ṣe jìnnà tó ni òpìtàn máa ń wá kiri, òun ni àwọn fíìmù yìí sì gbé kalẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́.

Àtakò àkọ́kọ́ tí ènìyàn lè ṣe ni pé títì náà mọ bí a ṣe ń múra. Òótọ́ ni. Kodak fúnra rẹ̀ gbé pátákó sí etí ọ̀nà ní àwọn ọdún 1920 láti sọ fún awakọ̀ pé ibi tó dára fún àwòrán wà níwájú. Àwọn oníṣòwò kọ́ ilé ìsùn tó rí bí àgọ́ onígi gígùn, ní Cave City ní Kentucky ní ọdún 1937 àti ní Holbrook ní Arizona ní ọdún 1950, bẹ́ẹ̀ irú àgọ́ yẹn jẹ́ ti àwọn ọmọ ìbílẹ̀ ilẹ̀ pẹ̀tẹ́lẹ̀ àárín Amẹ́ríkà, kì í ṣe ti agbègbè méjèèjì. Àwọn ọmọ ìbílẹ̀ tó ń ta ọjà létí ọ̀nà ní ìwọ̀ oòrùn mọ̀ pé àlejò fẹ́ ya àwọn, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì gba owó kí wọ́n tó dúró. Mo gba èyí, ó sì dín agbára ọ̀rọ̀ mi kù níbi tó yẹ kó ti dín in: ibi tí wọ́n kọ́ fún ojú àlejò kò sàn ju ẹ̀rín àwọn ọmọ lọ. Ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni irú ibẹ̀. Wáyà iná tó gba orí ilé àgọ́ náà kọjá, eruku tó wà níwájú rẹ̀, ẹni tó ń gbálẹ̀ níbẹ̀, iye ọkọ̀ tó dúró síta, kò sí oníṣòwò tó tò wọ́n fún kámẹ́rà. Iṣẹ́ òpìtàn ni láti ya èyí tó múra sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí kò múra.

Àtakò kejì ni pé àwọn fíìmù náà kò ní orúkọ, kò ní ọjọ́, kò ní ohùn. Páálí tí wọ́n rà ní ọjà àlòkù lè má ní ju ọ̀rọ̀ kan lọ lára. Ìyẹn náà kì í ṣe òpin ọ̀rọ̀. Kodak máa ń tẹ àmì sí etí fíìmù rẹ̀, òbírí, igun mẹ́rin tàbí igun mẹ́ta, láti fi ọdún tí wọ́n ṣe é hàn. Àwọn àmì náà máa ń padà wá lẹ́yìn ogún ọdún, ṣùgbọ́n irú ọkọ̀ tó wà nínú àwòrán á sọ èwo ni nínú àwọn ogún ọdún náà. Ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ máa ń pààrọ̀ àwọ̀ nọ́ńbà ọkọ̀ lọ́dọọdún nígbà náà. Orúkọ fíìmù tó wà lára ilé sinimá ń sọ oṣù. Ẹ kíyè sí i pé kò sí ọ̀kan nínú ẹ̀rí wọ̀nyí tó wà lójú ìdílé. Gbogbo wọn wà létí fíìmù àti létí ọ̀nà. Rick Prelinger, tó ti pẹ́ lẹ́nu kíkó fíìmù tí kò sí ẹni tó ni ín jọ, fi irú fíìmù ìdílé bẹ́ẹ̀ ṣe No More Road Trips? ní ọdún 2013, ìrìnàjò kan láti òkun Atlantic dé Pacific tí ó tò pọ̀ láti ọwọ́ ọ̀pọ̀ ìdílé. Kò fi ohùn sí i. Ó ní kí àwọn òǹwòran máa sọ̀rọ̀ sókè bó ṣe ń lọ. Wọn kò nílò láti mọ ìdílé kankan kí wọ́n tó lè dá ọ̀nà mọ̀.

Àtakò kẹta ló wúwo jù: pé àwọn aláwọ̀ funfun tí wọ́n rí jájẹ nìkan ló ní kámẹ́rà. Bó bá jẹ́ ti iye ni, òtítọ́ wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ pẹ̀pẹ̀ ni àwọn mìíràn ti wà nínú rẹ̀. Solomon Sir Jones, ajíhìnrere Onítẹ̀bọmi tó jẹ́ aláwọ̀ dúdú, ya ìgbé ayé àwọn ènìyàn rẹ̀ ní Oklahoma sórí fíìmù mìlímítà 16 láàárín 1924 àti 1928. Ní ọdún 2016, fíìmù rẹ̀ wọ National Film Registry, àkójọ tí Library of Congress ń bójú tó. Fíìmù ìdílé àwọn oníjó Nicholas Brothers ti wọ ibẹ̀ ní ọdún 2011. Ní Chicago, Jacqueline Stewart dá South Side Home Movie Project sílẹ̀ ní ọdún 2005 láti kó fíìmù àwọn ará àdúgbò aláwọ̀ dúdú jọ, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian ti àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington sì ń bá àwọn ìdílé sọ fíìmù wọn di ti orí kọ̀ǹpútà lọ́fẹ̀ẹ́. Nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà aláwọ̀ dúdú ló kúrò ní gúúsù Amẹ́ríkà láàárín 1910 àti 1970. Fún ọ̀pọ̀ nínú wọn, ìrìnàjò ìsinmi kì í ṣe lílọ wo òkè tàbí odò. Ilé ni wọ́n ń lọ, sọ́dọ̀ ìyá àgbà ní Mississippi tàbí Alabama.

Níbí ni ọ̀rọ̀ mi ti bá ògiri pàdé, kò sì yẹ kí n fò ó. Bí mo bá ní ká gba ohun tó wà létí àwòrán gbọ́, kí ni ká ṣe sí ohun tí kò sí nínú àwòrán rárá? Ìdílé aláwọ̀ dúdú tó ń lọ sí gúúsù ní ọdún 1950 mọ àwọn ilé epo tí wọ́n á ti gba owó wọn, tí wọn kò sì ní jẹ́ kí ọmọ wọn wọ ilé ìyàgbẹ́. Wọ́n mọ ìlú tí aláwọ̀ dúdú kò gbọdọ̀ wà lẹ́yìn tí oòrùn bá wọ̀. Nítorí rẹ̀ ni Victor Hugo Green, òṣìṣẹ́ ìfìwéránṣẹ́ tó ń gbé ní Harlem, fi tẹ ìwé tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Green Book láti ọdún 1936, tó ń to ilé ìsùn, ilé oúnjẹ àti ilé epo tó ń gba aláwọ̀ dúdú. Àwọn ilé epo Esso wà lára àwọn tó ń pín in. Kò sí ẹni tó máa fi fíìmù olówó iyebíye ya ẹni tó ń lé e jáde. Èyí tí fíìmù máa fi hàn ni ìdílé tó jókòó lábẹ́ igi, tí wọ́n ń jẹ adìyẹ tí wọ́n dín láti ilé. Ìdílé aláwọ̀ funfun náà ya irú àwòrán bẹ́ẹ̀, inú wọn dùn, nítorí pé àwọn ló yàn án. Àwòrán méjèèjì lè jọra pátápátá. Green Book àti ẹnu àwọn àgbà ló máa sọ èyí tó jẹ́ ìgbádùn àti èyí tó jẹ́ ọgbọ́n àti yọ. Nítorí náà, mo tún ọ̀rọ̀ mi sọ báyìí: etí àwòrán ni ẹ̀rí wà, ṣùgbọ́n ẹ̀rí náà kì í dá sọ̀rọ̀. Ó nílò ìwé, ó nílò ẹnu àgbà, kí ohun tí kámẹ́rà dákẹ́ sí tó lè ní àyè tirẹ̀.

Irú ìdákẹ́jẹ́ẹ́ bẹ́ẹ̀ wà lórí ọ̀rọ̀ owó pàápàá. Ní ọdún 1951, Kemmons Wilson kó ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ márùn-ún láti Memphis lọ sí Washington, inú sì bí i pé àwọn ilé ìsùn ojú ọ̀nà ń gba owó lórí ọmọ kọ̀ọ̀kan. Ọdún kejì ló ṣí Holiday Inn àkọ́kọ́, tí kò gba owó lórí ọmọ tó bá sùn ní yàrá òbí rẹ̀. Kò sí fíìmù ìdílé tó máa fi bíìlì hàn wá. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá to fíìmù ọdún 1940 ti ti ọdún 1960 á rí àbájáde ìbínú náà: àwọn yàrá onígi kéékèèké tó dá dúró lọ́kọ̀ọ̀kan ń dínkù, ilé ìsùn gígùn tó jọra wọn láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ń pọ̀ sí i, tí adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́ wà níwájú wọn. Ìwé sọ ìdí fún wa; fíìmù sọ ibi tó tàn dé.

Bí èyí bá jẹ́ òtítọ́, ó yẹ kó yí ohun tí a ń ṣe sí àwọn fíìmù náà padà, nítorí àkókò kò dúró. Acetate tó dáàbò bo ìdílé lọ́wọ́ iná máa ń bàjẹ́ fúnra rẹ̀ bó bá wà níbi tó gbóná tó sì ní ọ̀rinrin: á máa rùn bí ọtí kíkan, á sì ká kò. Ilé-iṣẹ́ tó gbẹ̀yìn láti fọ Kodachrome, ní ìlú Parsons ní Kansas, dáwọ́ gbígbà rẹ̀ dúró ní òpin ọdún 2010. Láti ọdún 2003 ni àwọn onímọ̀ ìtọ́jú fíìmù ti ń ṣe Home Movie Day, tí ará ìlú máa ń gbé páálí fíìmù wọn wá kí wọ́n lè wò ó pa pọ̀. Ṣùgbọ́n ewu tó tóbi jù kì í ṣe ti òórùn. Nígbà tí àwọn ọmọ àti ọmọ-ọmọ bá ń gbé fíìmù sórí kọ̀ǹpútà, ojú tí wọ́n mọ̀ ni wọ́n ń fi sílẹ̀, wọ́n sì ń gé ojú fèrèsé, ilé epo àti títì gígùn tí kò sí ẹni lórí rẹ̀ dànù nítorí pé wọ́n ń súni. Wọ́n ń gé ẹ̀rí, wọ́n ń fi ìmúra sílẹ̀. Ilé ìtọ́jú fíìmù tó bá ń gba irú ẹ̀bùn bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ béèrè fún odindi, pẹ̀lú páálí, àkọlé àti ibi tí àwòrán ti ṣú, kó sì gba ẹnu àgbà sílẹ̀ nígbà tí àgbà ṣì wà. Ìdílé lè pa ẹ̀rín wọn mọ́ fún ara wọn; títì jẹ́ ti gbogbo ènìyàn tó gbà á kọjá, àti ti àwọn tí wọn kò jẹ́ kí wọ́n dúró níbẹ̀.